Ìyàwó Ló Kàn

Orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí orúkọ ẹni tó ta géèmù náà fún ọkọ wa ní Agric, ní Ìkòròdú. Mo rántí orúkọ ọkùnrin tó bá wọn gbé tẹlifíṣọ̀n wọ pálọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, àti orúkọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí mo wọ̀, obìnrin kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, mo sì ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nígbà náà ni n ó ṣe pè wọ́n níbí. Orogún mi, ẹni tí ọkọ wa fẹ́ lé mi, Ìyàwó ni mo ń pè é. Ìyálé ni òun ń pè mí.

Aránṣọ ni mí, ní Ìtamàgá, ní Ìkòròdú. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba ìránkúràn. Bí ojú ìránṣọ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, á na réésà sí mi, á ní, "Tú u." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tú aṣọ títí aṣọ títú fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, oníbàárà á ti gba aṣọ, á ti sanwó, á ti dúpẹ́, á ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà, n ó sá tẹ̀ lé e, n ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, torí mo rántí ibì kan lábẹ́ apá tí òwú ti ṣẹ́ra. Àwọn èèyàn ń yìn mí. Èmi náà ń yin ara mi.

Ọkọ wa ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi wà ní Ìkòròdú, Ìyàwó wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń ta ẹja yíyan. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ tèmi wọlé, mo ti fọ ilé, mo ti lọ ata, mo ti na bẹ́ẹ̀dì títí kò fi ní ìwúnjọ kankan. Ọ̀sẹ̀ mi kò yẹ̀ rí. Mi ò sì bi í léèrè rí bóyá ó ń gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó kú, àwọn mọ̀lẹ́bí sọ pé ilé rẹ̀ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni àwa méjèèjì máa ti ṣe opó. Mùsùlùmí ni wá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, a ò ní jáde, a ò ní lé tìróò, a ò ní fín lọ́fínńdà. Èmi tí mi ò sùn mọ́jú nínú ilé yẹn rí, wọ́n wá tẹ́ ẹní fún mi sí pálọ̀ orogún mi.

Oṣù kìíní kọjá lórí ẹkún, àdúrà àti àlejò. Nígbà tí àlejò dín kù, ilé wá sú wa. Àpótí dúdú kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pádì méjì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù so mọ́ ọn. Mo rò pé ti àwọn ọmọ-ọmọ ni.

Ìyàwó ní, "Ti Bàbá ni, Ìyálé mi."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa náà. Bí wọ́n bá ti jẹun tán ni wọ́n á ní kí n gbé e wá."

Èmi tí mo fẹ́ ọkùnrin yẹn nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe géèmù. Lọ́dọ̀ mi, ìròyìn ló máa ń gbọ́, á wá sùn.

Ìyàwó tan tẹlifíṣọ̀n, ó pa ohùn rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan jáde lójú rẹ̀, agbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sáré lójú ọ̀nà, ó ń ṣa èso, ó ń fo kòtò. Ẹni méjì ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Aláṣọ pupa ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá já sí kòtò, ó di ti ẹnìkejì, aláṣọ àwọ̀ ewé. Bí aláṣọ ewé náà bá já, ó tún padà di ti pupa. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá," ni Ìyàwó wí. "Tí wọ́n bá wá rí i pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ rìn wọ inú kòtò. Wọ́n á ní, 'Yéè, mo kú o! Ìyàwó, ìwọ ló kàn.'" Ohùn ọkọ wa gan-an ló fi sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìró nu ojú.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kó gbé pádì pupa fún mi, kí n fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan.

Mo tètè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ti ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré, kí ni bọ́tìnì mẹ́rin? Ṣùgbọ́n èso kan wà lókè kòtò kẹta, ó ga. Àfi kí ọmọkùnrin náà dúró sí etí kòtò pátápátá kó tó fò kí ó tó lè kàn án. Bí ó bá fò tán láìmú un, ó ti kọjá nìyẹn, kò ṣeé padà sẹ́yìn. Bọ́tìnì kékeré kan sì wà lára àpótí náà tó ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo rí i, mo rí réésà ọ̀gá mi.

Bí mo bá ti kọjá èso yẹn láìmú un, mo tẹ̀ ẹ́.

"Ìyálé mi, èso kan ṣoṣo ni."

"Mo rí i."

"Agbọ̀n ti kún, ẹ máa lọ síwájú."

"Kò kún. Ọ̀kan ló kù yẹn."

"Ẹ kúkú jẹ́ kó já sí kòtò, kó lè kàn mí."

"Ṣe sùúrù. Jẹ́ kí n ṣe é kó mọ́ ná."

Ẹ rí i, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá já sí kòtò ló ń fún ẹnìkejì láyè. Èmi kò já sí kòtò, mò ń tẹ bọ́tìnì kí n tó já. Pádì ewé wà lórí ẹsẹ̀ Ìyàwó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò kàn án. Ọjọ́ kejì, kò kàn án. Bí iná bá lọ, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ ò rí i? Iná náà ti bá yín tú u!" Òun tí kò ṣe é ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń ṣe é, eyín mi wà pọ̀ pinpin, ọrùn ń dùn mí, mo sì ń pè é ní eré.

Ìyá Àgbà ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin. Òun ló ń bójú tó wa nígbà opó náà, kò sì sí ìyàwó ilé tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ kan lọ́sàn-án, èso òkè kòtò kẹta bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Ìyàwó fò dìde, ó ké, "Ẹ ti mú un! Ìyálé mi, ẹ ti mú un!" Èmi náà ké. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ẹ̀rín tí mi ò rín láti ìgbà tí ọkọ wa ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo gbọ́ bàtà Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ju pádì tó wà lọ́wọ́ mi sórí ẹní, síwájú Ìyàwó. Mo fa ìborí mi wá sí iwájú orí.

"Ta ló ń ṣeré nínú ilé opó?"

Èmi ni mo dáhùn. "Ìyàwó ni, Ìyá Àgbà. Mo ti ní kó fi sílẹ̀."

Ìyàwó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

"Ọmọdé! Ọkọ rẹ ò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀, ìwọ ń fò, ò ń pàtẹ́wọ́! Wo ìyálé rẹ níbẹ̀ yẹn, wo bó ṣe jókòó. Kò lè kọ́ ọ ni, àbí o ò fẹ́ kọ́?" Ó tú wáyà, ó gbé àpótí náà há abíyá, ó jáde.

Mo jókòó bó ṣe ní mo jókòó. Ẹni tí wọ́n bú nítorí eré, kò tíì kàn án rí láti ọjọ́ tí mo ti gba pádì.

Nígbà tó yá, Ìyàwó ní, "Ìyálé mi, ẹ wá fún mi ní pádì tán, ẹ tún jẹ́ kí wọ́n gbé géèmù lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ ní kó má bínú. Mò ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ tí á fi dùn létí, tí kò ní dà bí ẹni pé mò ń fọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Mi ò rí i.

Nígbà tí opó parí, tí wọ́n ń pín ẹrù ọkọ wa, èmi ìyálé ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú. Wọ́n rò pé fìríìjì ni n ó mú. Mo mú àpótí géèmù. Mo ní àwọn ọmọ-ọmọ ni n ó gbé e fún. Irọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé n ó ṣe é dópin, láìfi èso kankan sílẹ̀, kí n tó gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí n gbé pádì pupa lé Ìyàwó lọ́wọ́, kí n sọ pé, "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ." Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Mo fẹ́ kó mọ́ kí n tó gbé e dé iwájú rẹ̀.

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà ò bá sí, mo wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn kòtò kẹta, kòtò míì wà, òkè míì wà, èso tó fara pamọ́ wà. Mo tẹ bọ́tìnì náà títí àwọ̀ orí rẹ̀ fi bó.

Fóònù ti dé nígbà náà, Ìyàwó a sì máa pè mí. "Ìyálé mi, ṣé ẹ ti ṣa èso yín tán?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò wá èso. Kòtò ló wù mí."

Bí ó bá gbé ẹja wá fún mi nígbà iléyá, n ó ti da ègé aṣọ bo àpótí náà. Ó mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ibẹ̀. Á wo ibẹ̀, á wò mí, á bi mí léèrè àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún, mò ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Ìyàwó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí, kí n tó dé Ẹ̀pẹ́ wọ́n ti sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí. Òun ló yẹ kó sin mí.

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo gbé àpótí náà lé itan láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn àáfà wà níta, àwọn obìnrin ń bu oúnjẹ. Mo wọ pálọ̀ yẹn, mo ti ìlẹ̀kùn, mo so wáyà bí Ìyàwó ṣe ń so ó. Mo gbé pádì ewé sí ibi tó máa ń jókòó sí lórí ẹní. Mo mú pupa.

Kòtò kìíní, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè fò. Mi ò fò ó. Mo jẹ́ kó rìn wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Yéè, mo kú o."

Aláṣọ ewé jáde. Ó dúró, ó ń mi agbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń retí.

Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá Àgbà ti darúgbó kùjẹ́kùjẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì yí padà. "Ta ló ń ṣeré?"

Mi ò ju pádì sílẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá Àgbà. Ọjọ́ yẹn náà, èmi ni."

Kò bi mí pé ọjọ́ wo. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo gbà kọjá kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ ni mo ti rí i."

"Ẹ sì tún wá bú Ìyàwó?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n pe ìyálé ní òpùrọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀?" Ó jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí àga. "Mo fẹ́ pè ọ́ sẹ́yìn kí n bá ọ wí, òun ló wá bá mi ní ibi ìdáná. Ó ní, 'Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyálé mi mọ̀ pé ẹ rí i. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní ká tún opó yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.'"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí débi pé mi ò lè gbé e sókè. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fọ ẹ̀bẹ̀ mi kó lè mọ́, wọ́n ti rí ìdọ̀tí rẹ̀, wọ́n ti bò ó fún mi.

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá nà sí tẹlifíṣọ̀n. "Kí ni eléyìí dúró dè?"

"Ìyàwó ló kàn."

Ó wo pádì tó wà lórí ẹní. Níta, àáfà ti ń pe gbogbo ilé pé kí á wá ṣe àṣekágbá àdúrà. Mo nawọ́ láti pa á.

"Fi sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Jẹ́ kó dúró."