Ọjọ́ Tí Mo Kan Àgbàlagbà Lórí Lókè Erékùṣù Àdán

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ìdájí Sátidé tó kọjá, ni mo ti ilẹ̀kùn ilé Àǹtí mi ní Abobo Gare, nílùú Abidjan, láti lọ wọ bàálù tí kò ní ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé kò ní ilẹ̀kùn nítorí pé mo ti wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù ní nǹkan bí ogójì ìgbà ní ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú ìrètí pé bóyá wọn yóò ti fi ọ̀kan sí i tí mo bá tún wò ó.

Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé má baà rò pé ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rù mi dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má já bọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má bì sí awakọ̀ lára. Èyí tó wá pọ̀ jù ni pé kí n má lọ yí òfurufú ká tán kí n má rí àwòrán tí wọ́n rán mi mú bọ̀, torí àwòrán yẹn ni iṣẹ́ mi so mọ́.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹranko. Gbogbo ẹbí ló bá mi yọ̀, kò sì tíì sí ẹnì kankan nínú wọn tó bá mi rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí Sàfú, àbúrò ìyá mi, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Abobo. Ohun tí mo ń fi ìmọ̀ ẹranko ṣe níbẹ̀ ni kí n máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí abọ́. Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Madame wá ra ìkòkò lọ́jọ́ kan, ó rí àwòrán ẹyẹ tí mo yà sórí fóònù mi. Ó ní ọ́fíìsì kékeré ní Treichville tó ń mú àwọn àlejò rìn kiri etíkun, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa ya àwòrán láti òkè. Ìdánwò kan péré ló fún mi: kí n bá bàálù kékeré lọ sí erékùṣù kan nínú ọ̀sà lápá Assinie, níbi tí àdán ń sùn sí lọ́sàn-án, kí n sì ya àwọn àdán náà nígbà tí wọ́n bá bo ojú ọ̀run.

"Tí wọ́n bá ń fò nínú àwòrán, o ti ríṣẹ́," ni Madame wí. "Ọdún méjì, ìwé iṣẹ́ tó ní òǹtẹ̀." Ó tún un sọ: "Kí wọ́n máa fò o."

Gbaka ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré níbí. Mo wọ ọ̀kan láti Abobo dé Adjamé, mo tún wọ òmíràn dé Port-Bouët. Àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rin frank. Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní apprenti, ìyẹn ọmọṣẹ́. Irùngbọ̀n ọmọṣẹ́ ti ọkọ̀ kejì ti funfun, kò sì tíì gba òmìnira. "La go, sún mọ́ra," ni bàbá náà wí fún mi. La go ni ọmọbìnrin nínú Nouchi, èdè ìgboro Abidjan. Mo sún mọ́ra títí mo fi mọ gbogbo ohun tí obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi dì sínú àpò rẹ̀. Ọ̀nà wọn dán, kò ní ihò bíi ti ọ̀nà wa sí Ọ̀yọ́, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè fi ṣe àwáwí pé òun pẹ́. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo dé. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín pẹ̀lú kọfí ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún frank, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ láti ìṣẹ́jú tí mo gbé e mì.

Pápá bàálù náà wà létí òkun lẹ́yìn Port-Bouët, ní ojú ọ̀nà Bassam. Koríko ni, wọ́n gé e mọ́lẹ̀. Bàálù dúró láàárín rẹ̀, ẹ sì fojú inú wò ó: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìjókòó méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, apá aṣọ ńlá lókè, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, àti abẹ̀bẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Nílé wa, bí ẹnìkan bá so irú nǹkan báyìí pọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò ṣèpàdé lé e lórí. Níbí, àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè fi í gbafẹ́.

Ọkùnrin tó ń wà á ni Tonton Kouassi. Tonton ni wọ́n ń pe ẹni tó bá tó bàbá ẹni. Irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo kúnlẹ̀ kí i lórí koríko. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tú koríko.

"Kí ló jábọ́?" ni ó bi mí. Faransé ni a jọ sọ. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá fún yín.

"Kò sí, Tonton. Ẹ káàárọ̀ ni mò ń wí."

"Ah. Nago ni ẹ́." Nago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. "Ìyàwó mi àkọ́kọ́ ra ìkòkò lọ́wọ́ Nago kan ní Adjamé. Ìyàwó ti lọ, ìkòkò ṣì wà."

Ó gbé akoto kan fún mi, ó ní kí n ki gbogbo etí híjáàbù mi sínú rẹ̀, torí abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ọrùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfọ̀kànbalẹ̀ náà.

"Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ra wa ti bàjẹ́," ni ó wí. "Èmi á wà níwájú, ìwọ á wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń ya àwòrán ló ń darí, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ ni wàá fi bá mi sọ̀rọ̀. Gbá mi léjìká òsì, n óò yà sósì. Èjìká ọ̀tún, n óò yà sọ́tùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ẹ̀yìn, n óò sọ̀ kalẹ̀ gan-an. Bí o bá ti ṣe tán, kan akoto mi, n óò gbé ẹ padà."

"Lórí, Tonton?"

"Lórí."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"O lè kọ lẹ́tà sí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi, ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Èmi tí n kò lè fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, tí mo máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí bàbá mi bá ń bá mi wí, wọ́n ní kí n máa gbá ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn bí ẹni ń gbá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ní "ó dáa, Tonton," bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò bá dáa.

A gbéra. N kò lè ròyìn bí a ṣe kúrò nílẹ̀, torí pé mo di ojú. Nígbà tí mo là á, òkun wà lábẹ́ bàtà mi, kò sí nǹkankan láàárín àwa méjèèjì. Ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn wa, àwọn àgbá epo Vridi dà bí ìdérí ìgò tí ẹnìkan dà sílẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ omijé náà gbẹ kí n tó nù ún. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rẹwà. Ọ̀wọ́ igi àgbọn tẹ̀lé etíkun láìdáwọ́ dúró, àwọn ọkọ̀ ojú omi apẹja wà lórí iyanrìn ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, àwọn lékeléke ń fò lábẹ́ wa. Èmi ń wo ẹ̀yìn ẹyẹ. Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí pé inú mi dùn jù, torí n kò tíì ṣe ohun tí mo wá ṣe.

Ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì wa, inú rẹ̀ ni erékùṣù náà wà. Mo ti há máàpù sórí. Lẹ́yìn bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, mo rí i: ilẹ̀ roboto, igi gíga, omi yí i ká. Mo na ìka kan, mo fi kan èjìká òsì Tonton, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà." Ẹ́ńjìnnì gbé ẹ jọ̀ọ́ sà náà mì. Tonton fi ọwọ́ gbọn èjìká rẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó ń lọ tààrà.

Mo tún fi ìka méjì kàn án. Eṣinṣin kejì nìyẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, kí ó lè hàn pé n kò fi àbùkù kàn án. Bẹ́líìtì kò gbà. Erékùṣù kọjá sẹ́yìn wa. A ń lọ. Mo ronú gbogbo ohun tí màmá mi yóò sọ bí ó bá rí mi tí mo gbá Tonton, mo sì ronú ohun tí yóò sọ bí mo bá padà sídìí abọ́. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé Ghana ló kù níwájú wa, n kò sì mú páásì. Mo pa ojú dé, mo la ọwọ́, mo gbá a léjìká òsì.

Ó yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè láìbojú wẹ̀yìn.

Bí a ṣe padà dé òkè erékùṣù náà, ó ń yí i po. Lójú lásán, àwọn igi náà dà bí igi tí èso rẹ̀ ti rà tí kò sì já bọ́. Mo fi lẹ́ǹsì gígùn wò wọ́n: àdán ni gbogbo rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sorí kodò, wọ́n di apá mọ́ra bí ẹni tí òtútù mú. Kò sí ọ̀kan tó ń fò. Lọ́sàn-án, wọn kò ní fò àyàfi tí nǹkan bá dẹ́rù bà wọ́n, ohun tó sì lè dẹ́rù bà wọ́n ni kí ẹ́ńjìnnì wa bọ́ sórí wọn. Tonton mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó tẹ ẹ̀yìn síwájú díẹ̀, ó ń retí ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo gbé ọwọ́ mi. Kí n tó gbá a, mo tún wo inú lẹ́ǹsì. Ohun kékeré kan wà láyà èyí tó wà lójú mi, ó rọ̀ mọ́ ọn. Mo wo èkejì. Òun náà ní ọmọ. Mo wo ẹ̀ka igi kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ ọwọ́ ni. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ gíga pé bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá fò pẹ̀lú ìpayà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le yóò já bọ́, omi ló sì wà nísàlẹ̀. Mo rántí ìdáhùn náà pátápátá. Mo gba máàkì tó dára lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa nígbà náà pé ọwọ́ tiwa ni yóò wà lẹ́yìn awakọ̀.

Mo ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń sùn. Nígbà náà ni mo na apá mi sókè, mo sì kan àgbàlagbà lórí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí a balẹ̀, Tonton bọ́ akoto rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orí.

"O kan mí bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ayálégbé," ni ó wí. "Láti Bassam ni mo ti ń retí ọwọ́ rẹ. Mo ní bóyá Ghana lo fẹ́ rí."

"Ẹ má bínú, Tonton. Ìtìjú ni."

"Kí ló dé tí o kò ní kí n sọ̀ kalẹ̀? Madame ti sọ fún mi pé èyí tó ń fò ló fẹ́."

"Wọ́n ń tọ́mọ lọ́wọ́."

"Awakọ̀ ni mí," ni ó wí. "Ibi tí ọwọ́ bá ní kí n lọ ni mò ń lọ. Ká ní o gbá mi lẹ́ẹ̀mejì, ǹ bá ti sọ̀ kalẹ̀."

N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà.

Ní Treichville, Madame wo àwòrán mi ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ewé nìyí," ni ó wí.

"Àdán ni, Madame."

"Àdán tó jọ ewé. Ta ló ń sanwó wá wo ewé?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ fún un. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn àdán fúnra wọn máa ń fò, ó ní pápá náà kò ní iná, Tonton kò lè balẹ̀ lókùnkùn. Mo ní kí a dúró di oṣù méjì sí i kí àwọn ọmọ náà lè lágbára, ó ní ìwé ìpolówó rẹ̀ kò ní dúró de ọmọ àdán. Kò bínú. Ó tilẹ̀ fún mi ní omi tútù, èyí tó mú kí ó túbọ̀ nira fún mi láti kórìíra rẹ̀. "O mọ àwòrán yà," ni ó wí. "Sátidé tó ń bọ̀, tún lọ. Bí o kò bá lọ, mo ní ẹlòmíràn tí yóò lọ. Sọ fún mi kó tó di Ọjọ́rú."

Mo ra garba jẹ kí n tó wọ gbaka padà sí Abobo: attiéké, tó jọ gàrí tí wọ́n fi ooru omi sè, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù. Ó yẹ kí ó dùn.

Àǹtí Sàfú ti sọ fún gbogbo ìlà abọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló ń wa bàálù. Nígbà tí mo ròyìn tán, ó gbé ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Donc, ó túmọ̀ sí pé àdán ló ní kí o má ṣiṣẹ́?"

"Àwọn ọmọ wọn ni, Àǹtí."

"Ṣé àdán ló san owó ilé ìwé rẹ? Ṣebí a máa ń jẹ ẹ́ nílé."

"Ẹ̀yin kì í jẹ ẹ́, Àǹtí."

"Mi ò jẹ ẹ́, mais mo mọ àwọn tó ń jẹ ẹ́." Ó tún gbé ìkòkò náà. "Ẹni kejì tí Madame ní yẹn, ṣé kò ní gbá bàbá yẹn lẹ́yìn ni?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kò sóhun tó ṣòro nínú kí a gbá àgbàlagbà; lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ó tún kọ́ mi pé mo ti fi ìtẹríba bo ojú ara mi fún ìgbà pípẹ́, tí mò ń sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe. Lókè yẹn, kò sí ẹni tó ní kí n ṣe nǹkankan. Wọ́n ń retí mi ni.

Sọ́ńdè ni mò ń kọ èyí. Bí n kò bá lọ, ẹlòmíràn yóò lọ, àwọn àdán náà yóò fò, èmi yóò sì wà nídìí abọ́ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Bí mo bá lọ, ó kéré tán, ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ni yóò wà lẹ́yìn Tonton, n kò sì mọ̀ bóyá ìyẹn sàn tàbí ó burú jù. Àwọn tó fẹ́ ní kí n gbàdúrà, ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi ti ń ṣe é láti ìdájí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fojú inú wo ara yín lórí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, kí ẹ sì sọ fún mi kó tó di Ọjọ́rú: kí ni kí n fi ọwọ́ mi ṣe?