Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pín Fáwọn Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹsẹ̀ tẹ Oklahoma rí títí tó fi kú, àmọ́ ó ní ohun ìní kan níbẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé ó gbà pé òun ní in. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló ti wá. Bàbá àgbà ìyàwó yìí dáko níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí nǹkan le fún un, ó ta oko náà, ṣùgbọ́n ó ní ojú ilẹ̀ nìkan lòun tà, òun ò ta ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tá a wà yìí: ẹnì kan á ni ilẹ̀ tí màlúù ń jẹko lórí rẹ̀, ẹlòmíràn á ni epo rọ̀bì tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ta ló ń ta ilé tó máa mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ dání?

Stapleton ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, èmi wà ní Parkchester, ní òdìkejì omi nínú ìlú kan náà. Láti ìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti ń wọ tréènì, tí mo ń wọ férì, lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Kò sẹ́lòmíràn tó ń wá.

Ọmọ mẹ́ta ló bí, wọn kì í sì í bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wọn wà ní ọsibítù, tí ẹ̀rọ ń bá a mí, àwọn dókítà ní kò lè jí mọ́, wọ́n sì bi ọkọ rẹ̀ bóyá kí àwọn yọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè dáhùn. Ó kọjú sí ògiri. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló gbà kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà. Èkejì, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Atlanta, wà lójú ọ̀nà. Kó tó dé, ìyá ti lọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó ní, "Ìwọ lo pa á." Ó parí nìyẹn. Àbíkẹ́yìn, obìnrin tó wà ní California, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó kàn dákẹ́ sí gbogbo wa ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé, ó jókòó sí kíṣìnì, kò tíì bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀.

"Àbúrò mi, mo fẹ́ pín nǹkan Oklahoma yẹn fáwọn ọmọ."

"Ṣebí ẹ lè fi sínú ìwé ìhágún yín?"

"Ìwé ìhágún, ẹ̀yìn mi ni wọ́n á kà á. Mo fẹ́ kí wọ́n wá jókòó síwájú mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n tó fún wọn."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo ló ń sọ.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin lọ́yà kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ọ́fíìsì ní Port Richmond. Ó ní ìwé tó yá jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní kuitikiléèmù.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, sà," ó wí. "Ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé, 'Ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi níbẹ̀, mo yọwọ́, ó di tiyín.' Kò sọ pé ẹ ní nǹkan kan o. Tó bá wá hàn lọ́la pé ẹ ò ní nǹkan kan níbẹ̀, òfo lẹ fún wọn yẹn."

"Ti ìyàwó mi ni. Ìyàwó mi kú. Tèmi ni."

"Ṣé kóòtù ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi kì í ṣe lọ́yà Oklahoma. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀."

"Yóò ti pẹ́ tó?"

"Ó lè gba oṣù mélòó kan, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi wo apá rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ti sọ awọ ara di kókó. "Ọmọ mi, bá mi kọ ọ́ báyìí."

Lọ́yà bi í bóyá kí òun pààlà sí i, kí oníkálukú mọ apá tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó fẹ́ kí orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kí ìpín wọn dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má lè nawọ́ sí ibì kan pé tèmi rèé.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," ó wí, "wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀."

Lọ́yà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la ní kí àwọn ọmọ wá sílé ẹ̀gbọ́n mi, kí lọ́yà náà gbé ìwé wá síbẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo din adìyẹ. Ó ní kí n bá òun fá irùngbọ̀n. Àkọ́bí ti Brooklyn dé, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo lọ bá a nísàlẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó ti dé?" Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìdarí ọkọ̀.

"Kò tíì dé. Wọlé, bàbá ẹ ń retí ẹ."

"Tó bá ń bọ̀, mi ò lè wọlé. Ẹ pè mí tó bá ti lọ."

Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń sá fún ò kúrò ní Atlanta. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà tó pè mí, ó ní òun gbọ́ pé obìnrin yẹn máa wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti ṣèlérí pé òun á fojú hàn lórí fóònù. A pè é títí, fóònù dún dún dún, kò gbé e.

Lọ́yà wá rọra sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òfin ò béèrè pé kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fúnni nìkan ló ń fọwọ́ sí i. Ó rò pé ìtùnú lòun ń fún un. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì wo ibòmíràn.

Ọkùnrin nótárì tí lọ́yà mú wá láti jẹ́rìí sí i bi í pé, "Sà, ṣé tinútinú yín lẹ fi ń ṣe é?"

"Kí ni kí n tún ṣe?"

"Mo ní láti gbọ́ kí ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ sì yà kúrò lórí ìlà. Kò jẹ nínú ìrẹsì náà.

A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba níbi tí ilẹ̀ wà, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ka orúkọ àwọn ọmọ náà sókè. Mo kà á. Ó ní, "Tún un kà." Kí òtútù ọdún náà tó parí, ó kú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbi ìsìnkú. Apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí létí sàréè, àbíkẹ́yìn sì ti lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó bo sàréè tán.

Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ gbẹ́ epo lágbègbè ibẹ̀ ní kí lọ́yà wọn wádìí ẹni tó ni abẹ́ ilẹ̀ náà. Orúkọ bàbá àgbà yẹn ló ṣì wà níbẹ̀. Kóòtù kankan kò tíì sọ pé ó dọ́wọ́ ìyàwó, ká tó sọ pé ó dọ́wọ́ ọkọ. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó fúnni ní nǹkan kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fọwọ́ sí ìwé kan, kí wọ́n jọ lọ bẹ kóòtù ibẹ̀.

Mo pè wọ́n. Ọkùnrin ní òun ò lè fi orúkọ òun sí abẹ́ orúkọ apànìyàn. Nọ́ńbà àbíkẹ́yìn kò lọ mọ́. Àkọ́bí gbọ́ gbogbo àlàyé mi, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Àǹtí," ó wí, "Dádì mọ̀ pé wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ yẹn nítorí pé òun ò lè sọ̀rọ̀. Ṣé ó sọ fáwọn àbúrò mi rí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Kò sọ fún wọn rí.

"Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀," ó wí, ó sì dágbére fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Iléeṣẹ́ yẹn ti gbẹ́ ibòmíràn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́.