Ọwọ́ Tí Mo Ní Ó Wúwo

Bí ohun kan bá wà nínú iṣẹ́ wa tó ń rí mi lára, ẹnu àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni. Oníbàárà á gbé ẹ̀rọ dé, á ní kò ṣiṣẹ́. A ó tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ á jí lójú wa, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n lò. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àìmọye èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Fìà nílùú Óṣogbo, ojú ò sì tì mí rí.

Tíṣà kan ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ ilé aláró ni wọ́n, láti ìdílé mùsùlùmí àtijọ́ kan l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n Ọ̀tan-Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Ojú wọn ò ríran láti kékeré, ìka ni wọ́n fi ń kàwé. Kọ̀ǹpútà wọn ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn kókó wínníwínní ń yọ sókè lórí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń kàwé síta, àmọ́ bí òyìnbó tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu ló ṣe ń ka Yorùbá. Kò wúlò fún wọn ní kíláàsì.

Èmi ni mo fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Pátákó náà kì í rántí nǹkan. Gbogbo ìgbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá ló ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, àfi kí kọ̀ǹpútà fún un ní fáìlì kékeré kan bó ṣe ń jí, èyí tí yóò tún un kọ́. Fáàmùwíà là ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo parí, mo tọ́jú fáàmùwíà náà sínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o fún pátákó náà. Mo wá tẹ rísítáàtì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí pé kókó kankan ò yọ. Wọ́n tún gbé e wá láti Ọ̀tan-Ilé. Mo fi ọwọ́ kó fáìlì náà fún un bíi ti tẹ́lẹ̀, mo tẹ rísítáàtì, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ẹ̀rín ni mo rín.

"Mà, ọwọ́ yín ló wúwo. Ẹ máa rọra fọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ mi?" Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Láti kékeré ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí kàwé, Ẹnjiníà."

"Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, mà."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn pè mí. Ó ní tíṣà dúró níwájú kíláàsì láàárọ̀, wọn ò lè ka ẹyọ gbólóhùn kan, àwọn ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, ẹ má fi òótọ́ pa mọ́ fún mi o. Ṣé ẹ̀rọ ni àbí àwọn fúnra wọn?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n lò ni, sà." Ẹ̀pà ni mo ń jẹ lọ nígbà tí mo sọ ọ́. Ọ̀gá gba kíláàsì lọ́wọ́ tíṣà, ó ní kí wọ́n máa jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà tún padà dé, ọkọ wọn ló gbé e wá. Ó ní ìyàwó òun ní kí n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí n fi ta afọ́jú mìíràn lọ́rẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ ju tàwọn lọ. Mo tàn án sílẹ̀ lórí tábìlì, mo kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bátìrì rẹ̀ sì tán pátápátá. Nígbà tí iná dé, mo tàn án, mo fi ìka kan pátákó náà. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ìgbà yẹn ni mo tó pa á, tí mo tún tàn án, tí mo wá ka ohun tó ń kọ sójú rẹ̀ bó ṣe ń jí. Ètò tó ń bójú tó pátákó náà tètè ń jí jù. Ó ń bèèrè fáìlì kí kọ̀ǹpútà tó ṣí ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Kò rí i. Dípò kó dúró, kó figbe ta, ó kọ ìlà kan ṣoṣo pé fáàmùwíà ò sí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan ò ṣe. Rísítáàtì kì í gba iná kúrò lára pátákó, nítorí náà ohun tí mo fọwọ́ kọ́ ọ ló ṣì ń rántí níwájú mi. Tíṣà ní tiwọn, pípa ni wọ́n ń pa á pátápátá bí iṣẹ́ bá parí, bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe.

Láràárọ̀ ni ìlà yẹn ń jáde kí ohùn inú ẹ̀rọ tó jí, lójú kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí kò ríran. Ìríra mú mi. Mo kọ́kọ́ ṣépè fún ẹni tó kọ ètò náà. Nígbà tí mo ṣépè tán, mo rántí pé èmi ni mo tọ́jú fáìlì síbi tí kò yẹ, èmi ni mo lójú, èmi ni mi ò sì wò ó. Mo tutọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gbà ju àkókò tí èèyàn fi ń mu gàárì lọ. Mo di fáìlì náà pọ̀ mọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń gbé bó bá ń jí. Mo pa á pátápátá, mo tàn án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kókó ń yọ.

Mo gbé e lọ sí Ọ̀tan-Ilé fúnra mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá sínú rẹ̀, mo ní kí tíṣà kọ́kọ́ kà á. "Aṣìṣe kékeré kan wáyé nínú ẹ̀rọ náà," bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́, "a sì ti yanjú rẹ̀."

"Alihamidulilahi," ni wọ́n wí nígbà tí kókó àkọ́kọ́ kàn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kà á dé ìparí, wọ́n tún padà síbẹ̀rẹ̀.

"Ẹnjiníà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ẹ níbẹ̀."

"Mà?"

"Ẹni tó ní mi ò mọ̀ ọ́n lò. Mi ò rí i níbẹ̀. Ìwọ ni mo gbà gbọ́ ju ọwọ́ ara mi lọ, ṣé o mọ̀?"

Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Wọn ò gbé ọwọ́ kúrò lórí pátákó. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: "Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn, sà." Kókó ń yọ lábẹ́ ìka wọn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń tẹ̀lé mi ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí mo fi kọ ọ́ tán.