Ìwé Tí Philemon Kọ Sí Àwọn Ará Tẹlifíṣọ̀n

Bí inú bá ń bí Philemon Àkànmú, igi ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Kápẹ́ńtà ni, ní Òde-Ayé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí òòlù rẹ̀ ń dún gbì gbì láti ìdájí, ẹ má wulẹ̀ béèrè: àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ti tún ṣe tiwọn lánàá.

Kí ni wọ́n ṣe fún un? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ náà ń dun èmi gan-an. Lọ́dún 1993 yẹn, iná NẸ́PÀ ò ṣeé gbọ́kàn lé ní Òde-Ayé. Bátìrì ọkọ̀ ni Philemon fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni yóò so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò wa kẹ̀kẹ́ dé Òkìtìpupa kí wọ́n bá a gba iná sí i, yóò tún wà á padà. Omi bátìrì ti jẹ ṣòkòtò mẹ́ta mọ́ ọn nídìí. Tí gbogbo ilé bá wá jókòó nírọ̀lẹ́, eré tí wọ́n ti wò lóṣù tó kọjá ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba tún gbé síta. Olè tí wọ́n ti mú, wọ́n á tún mú un. Ìyàwó tó ti bímọ, á tún lóyún ọmọ náà. “Ṣé wọ́n rò pé orí wa ò pé ni?” ni Philemon á wí, á sì já wáyà kúrò lórí bátìrì.

Màmá Dora, ìyá rẹ̀, ni kì í bínú, ó sì nídìí. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, àwọn ará tẹlifíṣọ̀n yìí kan náà ti wá bá a níbi tó ti ń ṣe epo. Wọ́n ní kó kọ orin tí àwọn ìyá Ìkálẹ̀ máa ń kọ bí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Màmá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi Yorùbá ilé-ìwé kankan lú u. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún un gbé jáde, Màmá á pe aládùúgbò jọ, á sì máa bá ara rẹ̀ gberin.

“Màmá, ìgbà kẹfà rèé,” ni Philemon sọ lọ́jọ́ kan.

“Púpurù tí o jẹ lánàá náà lo jẹ lónìí,” ni Màmá dá a lóhùn. “O ò bá mi jà.”

Etí ikún ni Philemon kọ sí i. Ó jókòó, ó kọ ìwé ojú ewé méjì: kí ìjọba yéé tún nǹkan gbé jáde, ohun yòówù kó jẹ́. Ó gbé e kiri ìlú. Àwọn tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Nígbà tó ku ẹnì kan kó pé ọgọ́rin, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí epo.

“Kí ni ìwé náà wí?” ni Màmá béèrè.

“Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni, Màmá. Kí wọ́n lè máa ṣe dáadáa.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, kò burú.”

Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Epo ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ìka náà jáde ní búlúù, epo pupa yí i ká.

Ìjọba tí kì í gbọ́ ti tálákà, lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́. Kò pé oṣù méjì tí wọn ò tún nǹkan kan gbé jáde mọ́. Wọ́n ń bọ Philemon lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Màmá máa ń béèrè pé, “Wọn ò fi orin mi hàn mọ́?” Philemon á ní wọ́n máa fi hàn.

Màmá kú lọ́dún 1996. Ohun kan ṣoṣo ni Philemon ń wá kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé: kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ orin náà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán mọ́ nínú ilé. Ìlà méjì péré ló wà lẹ́nu Charity ìyàwó rẹ̀. Philemon bá wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n bá a dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Mildred ni obìnrin tó ń tọ́jú téèpù níbẹ̀. Ó wo inú ìwé kan, ó mi orí.

“Kò sí mọ́, sà. Téèpù ò tó wa lò. Nígbà tí ẹ̀yin èèyàn ní ká má tún nǹkan gbé jáde mọ́, ọ̀gá ní kí la tún ń tọ́jú ti àtijọ́ fún. Ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́nnà la gbà sílẹ̀ lé orin yẹn lórí, ọjọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi.”

Philemon fọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní ṣé ìyá òun ni wọ́n fi ẹ̀rọ omi pa rẹ́? Ó ní wèrè wo ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í han òun. Mildred ò bá a jà. Ó dìde, ó mú fáìlì kan wá, ó ṣí i síwájú rẹ̀.

Ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ìka kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, epo yí i ká.

Philemon na ọwọ́ sí i. “Ẹ fún mi ní ìwé yìí.”

“Ti ìjọba ni, sà.”

“Ìyá mi ló ni ìka.”

“Mo gbọ́, sà. Ti ìjọba ni.”

Ìbínú tó gbé lọ, kò rí ẹni tí yóò gbé e fún. Ó gbé e padà wálé. Àwọn ọmọ ti jókòó, bátìrì ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ń retí orin. Ó tan tẹlifíṣọ̀n, kọmíṣọ́nnà ló yọ, ó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n tún ti ń tún nǹkan gbé jáde, àmọ́ ti àwọn ọ̀gá nìkan.

“Bàbá, a ti wo èyí,” ni Olúyọmí ọmọ rẹ̀ obìnrin wí, ó na ọwọ́ kó pa á.

“Fi í sílẹ̀,” ni Philemon jágbe. “Abẹ́ ọkùnrin yìí ni Màmá wà.”

Wọ́n wò ó títí bátìrì fi kú.