Ẹkírán Méjì Lára Tábúlẹ́ẹ̀tì Kan, àti Àpá Tí Mo Fẹ́ Pa Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, àyà mi ṣì ń já! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni mo fi ń parí rẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fótò ni iṣẹ́ mi. Kì í ṣe yíyà nìkan o. Fótò àtijọ́ tó ti ya, tó ti ṣá, tí ikán ti jẹ létí, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá ní Parakou níbí. Màá gbà á sínú tábúlẹ́ẹ̀tì mi, màá wá fi bírò rẹ̀ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, títí ojú ẹni tó wà níbẹ̀ á fi hàn kedere.

Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì yìí kéré. Oníbàárà á dúró lẹ́yìn mi, á máa mí sí mi lọ́rùn, á ní òun ò rí nǹkan kan. Èmi náà, tí mo bá ti sọ ojú èèyàn di ńlá kí n lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, n kì í rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo wá ní kí n so ẹkírán méjì mọ́ ọn, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń gbé sórí tábìlì. Fótò bí wọ́n ṣe gbé e wá á wà lójú ọ̀kan, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ á wà lójú èkejì, tábúlẹ́ẹ̀tì á sì wà níwájú mi fún bírò. Ṣé ìyẹn le ni?

Ó le o!

Mo ra ẹkírán àlòkù méjì. Mo ra àpótí kékeré kan ní ọjà Arzèkè, tó ní ihò méjì tí wáyà ẹkírán ń wọ̀. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé bí mo bá ti so ó mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ó parí nìyẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo so ó. Kí ni mo rí? Ohun kan náà lójú méjèèjì! Mo ṣí fótò, fótò ni méjèèjì gbé jáde. Mo ṣí ìwé oníbàárà, ìwé oníbàárà ni méjèèjì gbé jáde. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yí wáyà sí òdìkejì. Mo bínú sí ẹkírán, mo bínú sí ọkùnrin yẹn, mo tilẹ̀ jágbe mọ́ màmá mi tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń já ewé gbọ̀rọ̀ tirẹ̀. (Mo ti bẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú sí mi.)

Nàfí, obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Zongo, ló là mí lójú. Mo di gbogbo ẹrù náà, mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, lọ bá a. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó ní ihò tábúlẹ́ẹ̀tì tèmi, àwòrán kan ṣoṣo ló lè rán jáde, àpótí tí mo rà kàn ń pín ọ̀kan yẹn fún ẹkírán méjì ni. Ó ní àpótí tó lè dá àwòrán tirẹ̀ ṣe ni mo nílò, pẹ̀lú áàpù kan tí n óò fi sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó tún ní kí n máa fún àpótí náà ní iná láti ara ògiri, torí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè gbé e.

Ó ní ọ̀kan nílẹ̀. Ó so ó, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ẹ gbà mí! Ohun ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ òsì, ohun ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún! Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá yà wá wò ó.

Mo rò pé ibi tí ìyàlẹ́nu mi máa mọ nìyẹn. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan!

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, màmá mi wà lórí bẹ́ǹṣì oníbàárà. Ojoojúmọ́ ló máa ń tẹ̀ lé mi wá ṣọ́ọ̀bù, torí kò fẹ́ràn kó dá wà nílé. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ríran dáadáa. Tí mo bá na tábúlẹ́ẹ̀tì sí i, ó máa ń ní ìmọ́lẹ̀ lásán ni òun ń rí.

Obìnrin kan wọlé, Àlájà Ràmátù, tó ń ta aṣọ ní Arzèkè. Bàbá rẹ̀ ló ti ṣaláìsí, àdúrà ogójì ọjọ́ sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Fótò kékeré kan ló mú wá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ: bàbá náà nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó fẹ̀yìn ti kámíọ̀, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ó ní kí n sọ ọ́ di ńlá tí wọ́n lè gbé kọ́ ara ògiri. Màmá mi kí i kú ọ̀fọ̀, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì jọ jókòó, wọ́n kọjú sí ẹkírán mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fótò náà ti sán káàkiri. Ìlà funfun ló wà lára ẹ̀wù, lára kámíọ̀, lójú ọ̀run. Ìlà funfun kan tún la ìpéǹpéjú òsì ọkùnrin náà kọjá. Mo ní ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Mo fi bírò kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ, ojú wá dán.

"Béná! Dá a padà!"

Mo fò sókè bí mo ṣe gbọ́ orúkọ mi! Màmá mi ti dìde, ewé gbọ̀rọ̀ tó ń já lórí itan rẹ̀ ti dà sílẹ̀.

"Màmá, kí ni kí n dá padà?"

"Ohun tí o pa rẹ́ lójú ọkùnrin yẹn. Ó wà lójú ẹkírán ti òsì, kò sí lójú ti ọ̀tún mọ́. Dá a padà!"

Mo dá a padà. Ó rìn lọ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹkírán. Ó ní kí n sọ ojú náà di ńlá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí n fi kún un. Nígbà tí ìpéǹpéjú yẹn gba gbogbo ẹkírán, èmi náà wá rí i: kì í ṣe pé fótò sán. Àpá ni! Àpá ọgbẹ́ gidi, lára èèyàn.

Màmá mi fi ìka kan àpá náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni: "Èmi ni mo ṣe é."

Àlájà bi í pé kí ló ṣe. Màmá mi ní igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé àwọn ní Ṣábẹ̀. Òun ju òkúta sí máńgòrò, ẹ̀gbọ́n òun wà lórí igi, òkúta bá a lójú. Ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wọn dé, ẹ̀gbọ́n náà ní òun ṣubú ni, kí wọ́n má baà na àbúrò òun.

"Àjàyí ni. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá mi!"

Ojú Àlájà yí padà. Ó ní Sùlé ni bàbá òun ń jẹ́, Ìlọrin ló ní òun ti wá, ó sì máa ń sọ pé ẹbí òun ti kú tán. Ó ní kí n kó fótò òun fún òun, òun ò wá síbí kí wọ́n wá fi òkú òun ṣeré. Ojú tì mí! Mo bẹ̀ ẹ́. Mo yọ́ sọ fún un pé kó má bínú, pé ọjọ́ ogbó ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi ọmọ rẹ̀ kò gba ìyá mi gbọ́.

Màmá mi gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n kò wò mí. Àlájà ló ń wò.

"Ìbéèrè kan péré, ọmọ mi. Ṣé bàbá yín dárúkọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Adéòtí fún yín rí?"

Àlájà ti na ọwọ́ sí fótò. Ọwọ́ náà dúró lójú òfuurufú. Obìnrin yìí ò wá bẹ́ǹṣì mọ́, ilẹ̀ lásán ló jókòó lé, pẹ̀lú aṣọ funfun ọ̀fọ̀ tó wọ̀!

Ó ní lọ́dọọdún, tí àkókò òwú bá ti dé, bàbá òun máa ń ṣe sàráà. Á ní kí wọ́n dín màsà púpọ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Tí wọ́n bá bi í pé nítorí ta ni, á ní nítorí Adéòtí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ó ní àwọn ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ ni tàbí ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwa ọmọ rẹ̀ nìkan la gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Mo gbé bírò sílẹ̀.

Màmá mi wá sọ ọ́. Èmi pàápàá, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan sọnù nìkan ni mo mọ̀ láti kékeré, mi ò gbọ́ ìdí rẹ̀ rí. Ọmọ ogún ọdún ni Àjàyí nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ awakọ̀ kan tó ń fi kámíọ̀ kó òwú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ ní kó wà á díẹ̀. Adéòtí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn jọ kángun síra, wà lókè òwú. Kámíọ̀ dojú dé. Adéòtí kú. Àjàyí dìde kúrò níbẹ̀, ó wọ inú igbó lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ bá mi rò ó! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyí tí ọkọ ti gbé màmá mi wá sí Parakou. Zongo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà látọjọ́ yìí, lẹ́yìn gáréèjì. Ìlú kan náà! Òjò kan náà ló ń pa wọ́n! Àlájà ní gbogbo ìgbà tí bàbá òun fi wa ọkọ̀, tí ẹrù bá ti máa gba Ṣábẹ̀ kọjá, ó máa ń gbé e fún awakọ̀ mìíràn. Àìsàn ni wọ́n rò pé ó ń ṣe é.

Àlájà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Kò pẹ́ tó fi dé, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní tí bàbá bá ti kú, ìgbà náà ni ẹbí máa ń pọ̀ sí i, pé ilé bàbá àwọn kì í ṣe ohun pínpín. Inú bí mi! Ṣùgbọ́n màmá mi kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé yín ò wù mí. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni kí ẹ fi hàn mí."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó wo ẹkírán, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín ewé gbọ̀rọ̀ tó fọ́n ká. Ó ní iwájú orí bàbá òun nìyẹn, kò ku nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n mú wa lọ sí itẹ́ òkú. Mo di màmá mi lápá mú, torí mo rò pé ó máa ṣubú. Kò ṣubú o. Ìbáwí ló bẹ̀rẹ̀!

"Àjàyí, ojo ni ọ́! Ìyá wa sunkún rẹ títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ṣé o mọ̀ pé ìyá Adéòtí ti dárí jì ọ́? Kí òwú ọdún kejì tó yọ ló ti dárí jì ọ́! Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán èèyàn wá ọ káàkiri. Ó ní ọmọ òun ti lọ, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ aládùúgbò òun tún sọnù. Kí lo wá ń sá fún?"

Àlájà fi ìborùn bo ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ẹ̀yìn sí wa. Gbogbo ọdún yẹn! Ohun tí wọ́n ti dárí rẹ̀ jì í ló ń sá fún títí ó fi kú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọn ì bá ti sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Fótò ńlá wà lára ògiri, àpá wà níbẹ̀ gedegbe. Àárín àwọn ọmọ ni wọ́n fi màmá mi sí, pẹ̀lú rosárì Kátólíìkì rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí ààfáà béèrè orúkọ òkú, Àlájà wo màmá mi kó tó dáhùn. Ó ní, "Sùlé Àjàyí, ọmọ Ṣábẹ̀."

Kí ni mo rí kọ́? Àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fótò ṣe, ẹ bi ẹni tó ni fótò kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ sì gba àwọn àgbà yín gbọ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù nìyí: tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń sá kúrò nílé nítorí ohun tó ṣe, tí ẹ sì mọ̀ pé inú ilé ti rọ̀, ẹ wá a, ẹ sọ fún un. Tí ìwọ tó ń ka èyí bá sì ni ẹni náà, jọ̀ọ́, pe ilé lónìí. Bóyá ìwọ nìkan ló kù tó ṣì ń dá ara rẹ lẹ́jọ́.

Ó yá, mo ti sọ tèmi. Ta ló sọnù nínú ẹbí yín? Ṣé ẹ ti rí ẹni tí ẹ ti gbà pé ó kú rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ dárúkọ ìlú àti àpá tó ní. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ fún òun.