Bí Mo Ṣe Gbé Òròmọdìẹ Lé Ẹni Tó Mọ Mọ́tò Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kùtọ́nu. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Lónìí mo ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi. Èmi gan-an ti bú ara mi tán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ adìẹ àti oògùn adìẹ ni mò ń tà ní Tokpota, níbí ní Àjàṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú. Oníbàárà tó bá ná ọjà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, mo máa ń ní kó lọ fi iyanrìn bọ́ adìẹ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Adìẹ ẹlẹ́yin ló ń sìn ní Adjarra, lẹ́yìn ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Lọ́dún tó kọjá àrùn wọ ọgbà rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kò ku ẹyọ kan. Ṣé ẹ ti wọ ilé adìẹ tó dákẹ́ rí? Ẹ má gbàdúrà rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ kò sunkún. Ó gbá ilé náà, ó fọ̀ ọ́, ó kùn ún lẹ́fun, ó fi í sílẹ̀ lófìfo fún oṣù mẹ́fà kí àrùn náà lè kú pátápátá. Ó wá sọ fún mi pé òun máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí èyí bá tún bàjẹ́, òun ò ní sin nǹkan kan mọ́ láyé òun.

Èmi ni mo ní kó má ra òròmọdìẹ àdúgbò mọ́. Mo ní ká kó ti òkè òkun wá, ẹ̀yà tó ń yé dáadáa, ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ní kó lọ tún ilé ṣe, kó fi ètò yòókù sílẹ̀ fún mi. Ó gbà, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi sì ni mo ń fi ọ̀ràn adìẹ jẹun.

Ẹni tí kò bá mọ òròmọdìẹ, kó gbọ́ eléyìí kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé e. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ìyókù oúnjẹ inú ẹyin náà ṣì wà níkùn rẹ̀. Ìyẹn ló ń gbé e ró fún bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ, láìmu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kó o sí páálí, kí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò rí omi, tí kò rí ibi tó móoru, ó tán nìyẹn.

Ẹni tó máa bá yín gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde lọ́wọ́ aṣọ́bodè, ṣé kò yẹ kó mọ̀ pé ẹrù yìí ń mí? Tiránsítẹ́ẹ̀ la ń pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn níbí. Ejẹ́ǹtì ni ẹ̀yin ará Èkó ń pè wọ́n. Méjì ni mo rí.

Àkọ́kọ́ ni obìnrin kan ní Kùtọ́nu, Màdáàmù Sìdóní. Oníbàárà mi kan ló júwe rẹ̀ fún mi. Kì í gba mọ́tò, kì í gba aṣọ. Ẹran ààyè, ẹyin àti oògùn ẹran nìkan ló ń gbà. Mo pè é lórí fóònù, ẹ wá gbọ́ ìbéèrè! Oko wo ni òròmọdìẹ náà ti ń bọ̀? Ṣé àìsàn adìẹ kankan wà ní ìlú yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́? Dókítà ẹran wo ló máa fọwọ́ sí ìwé ìlera wọn? Aago mélòó ni ọkọ̀ máa balẹ̀? Ta ló máa dúró dè é? Ó ní òun ò ní ṣe ohunkóhun àfi tí a bá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ohun ọ̀sìn, kí oko náà tó kó ẹyọ òròmọdìẹ kan sí páálí. Ìyẹn sì lè gba oṣù kan.

Inú bí mi. Mo ní ta lèyí? Ṣé ọlọ́pàá ni? Mo fẹ́ kó ẹrù, ó ń wádìí mi bí ẹni tó mú olè. Mo ní màá padà pè é. Mi ò pè é.

Ẹnì kejì ni Bùrọ̀dá Síméónì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Mọ́tò àlòkù ló ń gbà jáde ní èbúté, ó sì ti ń ṣe é fún ogún ọdún. Èèyàn dáadáa ni. Kì í purọ́, kì í jalè, kò sí ẹni tó gbé mọ́tò fún un tó kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe nínú ẹbí wa. Tí ọmọ ilé bá mọ iṣẹ́ kan, a kì í gbé iṣẹ́ náà fún ará ìta. Nígbà tí mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ àbúrò bàbá wa ló mọ ògiri rẹ̀. Ògiri náà wọ́ títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Bọ́ràn Màdáàmù Sìdóní ṣe dé etí Bàbá Dowa, olórí ẹbí wa, mi ò mọ̀. Bàbá pè mí, wọ́n béèrè bóyá Síméónì ti kú. Mo ní rárá, kò kú. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì pa fóònù.

Bùrọ̀dá Síméónì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó mu omi, ó béèrè ìlera àwọn ọmọ, ó ní ọjọ́ wo ni ẹrù ń bọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí nípa ẹrù nìyẹn. Èmi ni mo bi í léèrè nípa ìwé àṣẹ tí obìnrin yẹn ń pariwo. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ìwé kì í ṣáájú ẹrù. Jẹ́ kí ẹrù dé ná."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò àlòkù nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi á gúnlẹ̀, ẹ ó fojú rí mọ́tò yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri nítorí ìwé. Òjò á pa mọ́tò, oòrùn á pa á, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan, mọ́tò á ṣì jẹ́ mọ́tò. Ogún ọdún ni ọgbọ́n yẹn fi bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn létí mi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ẹnì kan da ìbéèrè bò mí, ẹnì kan bu omi mu. Èyí tí kò dà mí láàmú ni mo mú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kó ẹrù, àwọn olóko ní òkè òkun béèrè ìwé àṣẹ. A ò ní in. Wọ́n wá fi ìwé kan ránṣẹ́ pé kí ẹni tó ni ẹrù fọwọ́ sí i pé àṣẹ ìjọba ti wà lọ́wọ́ òun, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ló wà. Bùrọ̀dá ní kò sí wàhálà, òun máa gba àṣẹ náà tí ẹrù bá dé. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú bíírò, mo fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò dì mí lọ́wọ́ mú.

Ọkọ̀ balẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Bọ́sẹ̀ ti dáná èédú sílé adìẹ ní Adjarra. Ó ti tẹ́ èérún pákó, ó ti po ṣúgà mọ́ omi sínú abọ́ wọn. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ogún páálí ni wọ́n gbé jáde. Ariwo òròmọdìẹ gba gbogbo ilé ẹrù. Mo tẹ Bọ́sẹ̀ láago, mo na fóònù sí wọn kó lè gbọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Dókítà ẹran tó wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, béèrè ìwé àṣẹ. Bùrọ̀dá ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọkùnrin náà ní kò burú, nígbà tó bá dé, kí a pe òun. Ó ní kí wọ́n kó páálí wọ yàrá kan, wọ́n sì tì í. Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní èbúté, ọ̀gá yìí, ọ̀gá yẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló kí i dáadáa. Gbogbo wọn ló ní ọ̀rọ̀ ẹran kò kan àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a lọ sí bírò àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó kàn ṣàlàyé pé àwọn kì í fún ẹrù tó ti balẹ̀ ní ìwé. Ìwé àṣẹ kì í ní ọjọ́ àná.

Ìgbà yẹn ni mo gbé ìtìjú mì, mo pe Màdáàmù Sìdóní. Mo rò pé ó máa bú mi. Ká ní èmi ni, ǹ bá bú u! Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni aago tí wọ́n jáde nínú ẹyin. Mo ní ìdájí Ọjọ́rú. Ó ṣírò wákàtí tó kù.

"Màmá, ká ní ẹ pè mí kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀, ǹ bá ti dá wọn dúró lọ́hùn-ún. Wọ́n ti wà nílẹ̀ wa báyìí."

Síbẹ̀, ó gun zẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, wá bá wa. Ó bá dókítà ẹran náà àti àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Òfin ní kí a dá àwọn òròmọdìẹ náà padà tàbí kí a pa wọ́n run, kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbé wọn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Kò sí àyè láti ṣí páálí, kódà láti fún wọn lómi.

Mo kúnlẹ̀ fún dókítà ẹran náà. Ó fà mí dìde. Ó ní àrùn tó pa adìẹ tán ní agbègbè wa lọ́dún tó kọjá, ta ló mọ páálí tó bá wọlé? Kò mọ Bọ́sẹ̀, kò mọ̀ pé àrùn yẹn gan-an ló pa adìẹ àbúrò mi tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ariwo wọn ti yí padà. Ó kọ́kọ́ ga, ó ń ta létí, lẹ́yìn náà ó ń tín-ín-rín, ó ń dínkù. Mi ò lè kúrò níbẹ̀, mi ò sì lè fara da gbígbọ́ rẹ̀ mọ́. Bùrọ̀dá Síméónì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀. Mo fẹ́ bú u. Ẹnu tí mo fi ń gé oníbàárà ní Tokpota, ó kọ̀, kò ṣí.

"Ogún ọdún, àbúrò mi," ó ní. "Mi ò gba ẹrù tó ń kú rí."

Wọ́n dáná sun àwọn òròmọdìẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tó ni ẹrù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n ti kọ́kọ́ pa àwọn tó ṣì ń mí. Wọn ò pọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Mo gba Adjarra lọ tààrà. Mo ti sọ fún Bọ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pé ìwé ló kù, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ọjọ́bọ̀, kò jẹ́ kí èédú náà kú. Ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ọkọ̀ tó gbé páálí. Mo sọ fún un.

Ó béèrè bóyá Bùrọ̀dá Síméónì ló tan wá jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣe mí bíi kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá. Mo ní wọ́n béèrè ìwé àṣẹ kí ẹrù tó gbéra, pé èmi ni mo fọwọ́ sí i pé ó wà.

"Bùrọ̀dá ò mọ òròmọdìẹ," Bọ́sẹ̀ ní. "Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Ó bu omi ṣúgà tó wà nínú abọ́, ó dà á sórí èédú, títí gbogbo rẹ̀ fi kú.

Bàbá Dowa pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo dìde, mo ní Ọlọ́run kọ́ ló fọwọ́ síwèé. Wọ́n ní kí n jókòó. Bọ́sẹ̀ kò wá. Ó ti fi ilé adìẹ náà háyà fún ẹni tó ń kó sìmẹ́ńtì sí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ má kàn béèrè bóyá tiránsítẹ́ẹ̀ dáa. Ẹ béèrè bóyá ó ti gba irú ẹrù tiyín rí, ẹ béèrè ohun tó máa ṣe kí ẹrù tó gbéra níbi tó ti ń bọ̀. Oògùn lẹ fẹ́ kó? Ẹ wá ẹni tó mọ oògùn. Ẹja tútù ni? Ẹ wá ẹni tó mọ yìnyín. Ẹni tó bá ń da ìbéèrè bò yín, ẹ fara dà á, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Tí ẹ bá sì ní ọmọ ẹbí tó mọ mọ́tò, ẹ ra mọ́tò, kí ẹ gbé e fún un.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ sọ ẹrù tí ẹ kó, ẹni tí ẹ gbé e lé lọ́wọ́, àti bó ṣe parí. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Màá kà á fún Bọ́sẹ̀ náà, lọ́jọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn fún mi.