Wolé-wolé Yàrá Ìsàlẹ̀

Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá lẹ́ka ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ kan, ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Wolé-wolé àgbà ni. Yàrá ìsàlẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀: tábìlì méjì, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Bí ẹni tuntun bá dé, òun ni yóò mú un kiri ojúlé, tí yóò kọ́ ọ pé kéèyàn kí onílé dáadáa kó tó yọjú wo gọ́tà rẹ̀, torí ẹni tí a bú kì í fi kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ han ni. Bí onítọ̀hún bá mọṣẹ́ tán, wọ́n á gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àkàbà ni àwọn tó ti gòkè ń pe bàbá náà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bi àkàbà bóyá ó rẹ̀ ẹ́?

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọ̀nà jíjìn làwọn ọmọ wà. Wọ́n ń pè bí àyè bá gbà wọ́n, àyè kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n. Tó bá délé, á tan rédíò. Kì í ṣe ìròyìn ló fẹ́ gbọ́, ohùn èèyàn ló ń wá. Àdáwà yìí ń dùn ún, kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Àfi bí wọ́n ṣe mú ọmọbìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ ti jẹun?" Bó ṣe máa ń wọlé láàárọ̀ nìyẹn. Inú bàbá dùn débi pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Kò sì pẹ́ tọ́mọ náà fi mọṣẹ́ dunjú.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe bàbá. "Bàbá, iṣẹ́ ẹ̀ka yìí ti ń rẹ̀yìn. Mo fẹ́ fi ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín ṣe alábòójútó lókè níbí. Ṣé ó ti tó?"

Àga òfìfo ló sọ sí i lọ́kàn. "Kò tíì tó, sà. Ẹ jẹ́ kó ṣe ọdún kan sí i lọ́dọ̀ mi."

Ọ̀gá mirí. "Tí ẹ̀yin ò bá rí i kọ́, a jẹ́ pé ká mú un kúrò lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Kó gòkè wá lọ́la, ká wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Màá fi ẹlòmíì ṣe alábòójútó."

Ẹyin lohùn. Bàbá fẹ́ ṣa èyí tó fọ́ jọ, ọ̀gá ti gbé fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́. "Bàbá, wọ́n lẹ́yin lẹ sọ pé mi ò tíì tó. Ibo ni mo kù sí? Ẹ sọ ọ́, kí n lè tún un ṣe." Kò bínú rárá, ìyẹn ló tún dun bàbá jù.

"Kò síbi tó o kù sí. Mi ò fẹ́ dá jókòó ni."

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. "Ẹ̀ bá sọ fún mi, bàbá. Ṣebí òkè níbí náà ni. Ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín jẹun."

Bàbá gòkè lọ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíì ṣe alábòójútó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbọ́ ohùn ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn. Ó yára nu àga kejì. Ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì bá tiẹ̀ lọ.